Àpótí Ìtọ́jú Pàjáwìrì fún Ẹṣin: Ohun Tó Yẹ Kó Wà Nínú Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Òmíràn á ti Ìlọrin wá, òmíràn á gun tirélà láti òkè Ọya, yóò sì dúró lórí ìrìn tọ̀sán-tòru kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí í ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, wọ́n á dì í ní gàárì, wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, á wá máa jó lórí títì ọlọ́dà láàárín ìró ìbọn ṣakabùlà àti ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Owó ńlá là ń ná sórí aṣọ ẹlẹ́ṣin àti ohun ọ̀ṣọ́ ẹṣin. Ó dùn mí pé nínú gbogbo ìnáwó yẹn, a kì í sábà rí ike kékeré kan tí báńdéèjì wà nínú rẹ̀.

Àpótí tí mo fẹ́ ká jọ ṣètò yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà ẹran. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀mí ẹṣin má bọ́, kí egbò rẹ̀ má sì bàjẹ́ kí dókítà tó dé. Ó tún wà kí ẹ lè fi nọ́ńbà sọ ohun tó ń ṣe ẹṣin fún dókítà lórí fóònù, dípò "ara rẹ̀ kò yá" tí gbogbo wa máa ń sọ. Ohun kan náà ni ẹṣin etíkun Èkó nílò, òun náà ni ti ẹṣin tó wà níbùso láti oṣù dé oṣù.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ wá dókítà ẹran tó mọ ẹṣin. Mo ní tó mọ ẹṣin, nítorí ọ̀pọ̀ dókítà ẹran àárín ìlú ló jẹ́ pé adìyẹ àti ajá ni wọ́n ń tọ́jú láti àárọ̀ dalẹ́. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Abẹ́òkúta, ó sì wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Èyí tó bá sún mọ́ yín jù, ẹ lọ béèrè níbẹ̀ nígbà tí ara ẹṣin ṣì le: ṣé wọ́n máa ń jáde wá bá ẹṣin níbi tó wà, ta là ń pè lóru, ta là ń pè lọ́jọ́ ọdún? Nọ́ńbà méjì, ó kéré tán, ni kí ẹ fi máákà kọ sínú ìdérí àpótí. Ẹ má fi í sínú fóònù nìkan, torí ẹni tó ni ẹṣin lè ti sùn sílé, ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ló máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lóru. Ẹ kọ nọ́ńbà awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ lè gbé ẹṣin sí i.

Bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ dókítà, ẹ bá a sọ ọ̀rọ̀ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹṣin wà lára àwọn ẹran tí àrùn yìí máa ń tètè mú jù. Ihò ìṣó kékeré tí ojú rẹ̀ ti pa dé ti tó. Àrùn náà á mú kí ara ẹṣin gan, kí ẹnu rẹ̀ má lè là mọ́, ọ̀pọ̀ tó bá mú kì í sì í yè é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. Inú fíríìjì ni abẹ́rẹ́ yẹn ń gbé, ní ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí náà kò sí ohun tó ń wá nínú àpótí. Ohun tó yẹ kó wà nínú àpótí ni ìwé kékeré tí ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n gún un sí, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà máa bi yín nìyẹn bí ẹṣin bá farapa.

Inú ìwé yẹn náà ni kí ẹ kọ ìwọ̀n ara ẹṣin sí, nítorí orí rẹ̀ ni dókítà ń gbé oògùn lé. Ẹ kò nílò òṣùwọ̀n ńlá. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn àyíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gan-an, níbi tí okùn gàárì ń gbà, kí ẹ wá wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí. Ẹ fi nọ́ńbà àyíká àyà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ tún fi gígùn sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 11,880 pín in. Ẹṣin tí àyíká àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 135, yóò tó nǹkan bíi kílò 256. Ẹ fi téèpù náà sílẹ̀ nínú àpótí.

Àpótí fúnra rẹ̀

Ike tó ní ìdérí tó ń dé pinpin ló dára, èyí tí omi òjò, eruku àti èèrà kò lè wọ̀. Kó fúyẹ́ débi tí ẹnì kan á lè fi ọwọ́ kan gbé e, kí ọwọ́ kejì di okùn ẹṣin mú. Ẹ kọ ORÚKỌ rẹ̀ gàdàgbà sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà fi kó ìbọ̀sẹ̀ tàbí gàrí sí. Ẹ má fi sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ nínú oòrùn, nítorí ooru ibẹ̀ máa ń ba oògùn jẹ́, ó sì máa ń yọ àtè ara báńdéèjì. Bí ẹ bá ní ẹṣin méjì ní ibi méjì, àpótí méjì lẹ nílò. Èyí tó wà ní Ìlọrin kò wúlò fún ẹṣin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ n'Ìjẹ̀bú.

Ohun tí a fi ń mọ bí ara ẹṣin ṣe rí

Bí owó bá kéré, ibí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tẹmómítà tó ń lo bátìrì, èyí tí kẹ́mísìtì ń tà fún èèyàn, ti tó. Ẹ so okùn mọ́ ọn nídìí, kí ẹ so pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ mọ́ ẹnu okùn náà. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìtàn ẹṣin, kí ara yín sún mọ́ ọn tímọ́tímọ́. Ẹ má dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ra á láti ẹ̀yìn lọ sí ìdí kó lè mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ fi ìpara díẹ̀ pa ṣóńṣó tẹmómítà, ẹ rọra gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tì í bọ ihò ìdí, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kó lè kan ara. Bó bá jẹ́ àárín ìgbẹ́ ló wọ̀, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ fi pẹ́ẹ̀gì há irun ìrù, kó má baà jábọ́ tàbí kó wọlé lọ. Ẹṣin àgbà tí ara rẹ̀ le, tó sì ń sinmi níbòòji, máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5. Bó bá ti ré kọjá 39 láìṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré, ẹ pe dókítà.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá ń ṣàìsàn kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan nígbà tó wà ní àlàáfíà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tirẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa ju bó ṣe ṣe pàtàkì nílẹ̀ òtútù lọ, nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹṣin máa ń mú ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ wá. Àìsàn yẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó pọn dandan fún Ọ̀yọ́ àtijọ́, pẹ̀lú gbogbo agbára àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, láti máa ra ẹṣin tuntun láti òkè, tí ẹṣin kò sì fi rọrùn láti sìn nínú igbó. Ẹni tí kò bá wọn ara ẹṣin rẹ̀ á kàn rí i pé ó ń rù ni, kò ní mọ ọjọ́ tí ibà náà bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tẹmómítà, ẹ ra ohun tí dókítà ń fi sétí gbọ́ ìró àyà. Ẹ gbé e sẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ òsì ẹṣin, kí ẹ wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ iye tí ẹ bá kà di ìlọ́po mẹ́rin. Ìró méjì tó tẹ̀ léra wọn, "gbì-gbì", ẹyọ kan ni. Ọkàn ẹṣin tó ń sinmi máa ń lù ní ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá wọ 60 tó sì dúró síbẹ̀ nígbà tí ẹṣin kò ṣe iṣẹ́ kankan, ìrora ńlá ló wà níbẹ̀. Mímí rẹ̀ máa ń jẹ́ 8 sí 16, ó sì lè lé díẹ̀ nínú ooru wa yìí. Ẹ wo ìhà rẹ̀ bó ṣe ń gbé sókè tó ń lọ sílẹ̀. Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, ẹ fi àtàńpàkò tẹ èrìgì rẹ̀ kó funfun, kí ẹ yọ ọwọ́. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kí àwọ̀ rẹ̀ tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó padà dé. Èrìgì tó funfun bí ìwé, tó pupa kíkankíkan tàbí tó dà bí aró, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

Tọ́ọ̀ṣì, èyí tí à ń dé sórí ló dára jù kí ọwọ́ yín lè ṣófo, bírò, àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ló parí apá yìí.

Ohun tí a fi ń tọ́jú ọgbẹ́

Omi ni oògùn àkọ́kọ́. Ẹ ra normal saline, omi dírípù tí kẹ́mísìtì ń tà, bí àpò mẹ́rin, pẹ̀lú síríǹjì ńlá tó ń gba mílílítà 60 tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bí dírípù bá tán, ẹ se omi, ẹ fi iyọ̀ gíráàmù 9 sí lítà kan, nǹkan bíi ṣíbí tíì kan àtààbọ̀ tí a gé ẹnu rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi síríǹjì fín in sójú ọgbẹ́ láti àárín jáde síta, títí iyanrìn àti irun á fi kúrò. Ẹ máa fín in nìṣó kódà nígbà tí ojú ọgbẹ́ bá ti dà bí ẹni pé ó mọ́, torí ẹ̀yìn ìgbà yẹn gan-an ni òkúta wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ máa ń jáde.

Povidone iodine, oògùn olómi tó ń pa kòkòrò ojú egbò, ni kí ẹ ra tẹ̀ lé e. Ẹ má dà á sójú ọgbẹ́ bó ṣe wà nínú ìgò. Ẹ bù ú sínú omi títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bíi tíì tí kò le. Èyí tó bá le jù á jó ara tuntun tó fẹ́ hù.

Fún dídì, ìtẹ́lé ara wọn ló ṣe kókó. Aṣọ ìdì-egbò tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò ló ń kọ́kọ́ lọ sójú ọgbẹ́. Òwú tó nípọn ló tẹ̀ lé e, kó yí gbogbo ẹsẹ̀ ká, lẹ́yìn náà báńdéèjì aláwọ̀ funfun tó ń fà, kí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wá wà lókè pátápátá. Ẹ máa gbé e lọ láti ìsàlẹ̀ sókè, kí ìpele kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí fífà rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin wà lábẹ́ awọ fẹ́ẹ́rẹ́ lásán, kò sí ẹran tó bò ó. Báńdéèjì tó fún jù láìsí òwú tó pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ lè ba iṣan náà jẹ́ ju ọgbẹ́ tí ẹ ń dì lọ. Bí ìka kan bá lè wọ ẹnu báńdéèjì lókè àti nísàlẹ̀ pẹ̀lú akitiyan díẹ̀, ó ti dára. Ẹ ra ìpele ohun èlò tó lè di ẹsẹ̀ méjì, torí pé ẹṣin tó ṣubú lórí ọ̀dà kì í sábà bó níbì kan ṣoṣo.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi Pampers ọmọdé tàbí aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, láìṣí i wò. Bó bá rin, ẹ gbé òmíràn lé e, ẹ má yọ ti àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára ẹṣin, nítorí náà èyí tó dà sílẹ̀ lè má tó ohun tó máa pa á. Ẹ má jẹ́ kí rírí ẹ̀jẹ̀ dẹ́rù bà yín débi tí ẹ ó fi máa sáré kiri.

Ọgbẹ́ tó máa ń kó wàhálà jù kì í ṣe èyí tó ya gbàgà. Ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé ni. Bí ẹ bá rí omi tó ní àwọ̀ òféèfèé, tó ń fà bí oyin, tó ń jáde níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí inú oríkèé ti ṣí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni dókítà gbọ́dọ̀ rí i, kì í ṣe lọ́la.

Ẹ fi àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ kò mú sí i, kó má baà gún ẹṣin bó bá gbọ̀n ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ páálí kan, téèpù, ọṣẹ, aṣọ ìnura mímọ́ méjì, àti oògùn tó ń lé eṣinṣin, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹṣin, tí ẹ ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbẹ́, kì í ṣe sínú rẹ̀.

Pátákò

Ìṣó àti ìgò fífọ́ kò wọ́n lójú títì wa. Ẹ fi irin tí a fi ń họ pátákò sínú àpótí. Bí ẹṣin bá tiro lójijì, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn wò kí ẹ tó ro ohun mìíràn. Bí ìṣó bá wà níbẹ̀ tí dókítà sì lè tètè dé, ẹ má fà á yọ. Ẹ fi nǹkan tìmùtìmù gbé pátákò kúrò nílẹ̀ yí i ká kí ìṣó má baà wọlé sí i, torí bí dókítà bá fi ẹ̀rọ X-ray ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó nínú, á mọ ibi tó dé gan-an. Bí ọ̀nà dókítà bá jìn tí ẹṣin sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ẹ fà á yọ bó ṣe wọlé, ẹ fi máákà yí ojú ihò náà ká, ẹ sì tọ́jú ìṣó náà fún dókítà kó lè rí bó ṣe gùn tó. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi òwú tí ẹ ti bọ inú omi ayodíìnì bò ó, ẹ fi Pampers wé pátákò, kí ẹ wá fi téèpù eléérú tó nípọn bo gbogbo rẹ̀ bíi bàtà. Kí téèpù má kọjá sókè pátákò lọ sórí awọ. Fún ẹṣin tó ń rìn lórí ọ̀dà, Pampers àti téèpù ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àpótí yìí, torí pé ibi gbogbo lẹ ti lè rí wọn rà.

Ojú àti ooru

Ojú tó dì, tó ń ṣomi tàbí tó wú, omi dírípù nìkan ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé ẹṣin síbòòji, kí dókítà rí i lọ́jọ́ náà. Ẹ má kán oògùn ojú tó ní dexamethasone sí i láìjẹ́ pé dókítà wò ó. Bí ojú bá ti ní egbò, oògùn yẹn lè bà á jẹ́ pátápátá.

Fún ooru, kànrìnkàn ńlá kan àti garawa méjì. Bí ẹṣin bá ń mí gùle-gùle tí kò sì rọlẹ̀ lẹ́yìn tó ti sinmi, ẹ tú gàárì àti gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ gbé e síbòòji, ẹ máa da omi tútù lé e lórí ara láìdúró, kí ẹ sì wọn ìgbóná ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kó mu omi. Kò sí ayẹyẹ kankan tó tó kí a dì í ní gàárì padà lọ́jọ́ yẹn.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí

Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò, epo òyìnbó, omi bátìrì, Izal, eérú àti aṣáà: gbogbo wọn la ń rí lójú egbò ẹṣin, gbogbo wọn ló sì ń dá egbò náà dúró kó má tètè jiná. Hydrogen peroxide tó ń hó yẹ́ẹ́ náà ń pa ara tó yè pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí. Ẹni tó bá ń dà wọ́n ń fẹ́ ire fún ẹṣin rẹ̀, mo mọ̀. Ẹ fún un ní omi iyọ̀ kó fi rọ́pò wọn.

Ìgò tí a fi ń rọ àgbo sí ẹṣin lẹ́nu náà kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ẹṣin tí a gbé orí rẹ̀ sókè tí a sì ń da omi sí lọ́fun lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fọ́ ìgò mọ́ ẹnu. Bí oúnjẹ bá há a lọ́fun, tí itọ́ àti oúnjẹ ń gba imú rẹ̀ jáde, ẹ mú oúnjẹ àti omi kúrò níwájú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ẹ pe dókítà.

Abẹ́rẹ́ àti oògùn ìrora ńkọ́? Bí dókítà yín bá fi phenylbutazone tàbí flunixin sílẹ̀ fún yín, kó kọ orúkọ ẹṣin, ìwọ̀n àti ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì pè é kí ẹ tó lò ó. Flunixin tí a gún sínú ẹran ara lè dá àìsàn burúkú sílẹ̀ níbẹ̀ tó lè pa ẹṣin. Ẹ má ra abẹ́rẹ́ lọ́jà ẹran kí ẹ máa fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń sọ ohun tó lè pa á: ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ adìyẹ wọ ibùso. Oògùn kan tó ń jẹ́ monensin tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ kan kì í ṣe adìyẹ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti ba ọkàn ẹṣin jẹ́. Ẹ fi eèrí àgbàdo bọ́ ọ, ẹ mọ àpò tó ti jáde.

Inú rírun

Kò sí ohun kan nínú àpótí tó ń wo inú rírun ẹṣin sàn, ìdí nìyẹn tí mo fi yà á sọ́tọ̀. Ẹṣin kì í bì. Ohun tó bá wọnú rẹ̀ kò ní ọ̀nà tó lè gbà padà, nítorí náà inú rírun ń yára pa á. Ẹ ó rí i tó ń wo ìhà rẹ̀, tó ń fi pátákò walẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó ń dìde, tí kò yàgbẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹṣin etíkun tó ń jẹun lórí iyanrìn lè kó iyanrìn jọ sínú, kí èyí ṣẹlẹ̀.

Ẹ kó oúnjẹ kúrò. Ẹ ka ọkàn rẹ̀, ẹ wọn ara rẹ̀, ẹ wo èrìgì, ẹ gbé ohun tí a fi ń gbọ́ ìró àyà yẹn sí ìhà rẹ̀ méjèèjì kí ẹ gbọ́ bóyá inú rẹ̀ ń kùn. Ikùn tó dákẹ́ lọ gbáú burú ju èyí tó ń pariwo lọ. Ẹ wá pe dókítà kí ẹ ka nọ́ńbà wọ̀nyẹn fún un. Bó bá fẹ́ máa yí gbiri, ẹ rọra fà á rìn. Bó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn ìrora kí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀, torí ó lè bo ìrora mọ́lẹ̀ kí dókítà wá rí ẹṣin tó dà bíi pé ó ti sàn, nígbà tí ìfun rẹ̀ ti lọ́.

Títọ́jú àpótí

Lóṣooṣù, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ìgò oògùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ tan tẹmómítà. Ohun tí ẹ bá lò, ẹ rà á padà lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ fi ibi tí àpótí wà han ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin. Bó bá jẹ́ Hausa ló gbọ́ dáadáa, ẹ jẹ́ kó kọ nọ́ńbà àti orúkọ nǹkan síbẹ̀ ní èdè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọn ara ẹṣin lójú yín lẹ́ẹ̀mejì, kó di báńdéèjì sí ẹsẹ̀ tó yè, kó tú u, kó tún un dì. Ẹṣin náà á ti mọ̀ pé dídì kì í ṣe ìjà, bí ọjọ́ tó máa nílò rẹ̀ bá sì dé, á dúró.